Ẹsẹ̀ Ivel Comising

Ìyá Ivel Comising máa ń sọ pé ọmọbìnrin òun ti mọ ṣùtì ètè í yọ kó tó mọ ìrìn í rìn. Kì í ṣe pé ó fi ọ̀rọ̀ náà bú ọmọ. Nínú ìdílé wọn, ogún ni ẹ̀gàn jẹ́, bí ilẹ̀ ṣe jẹ́ ogún nílé ẹlòmíràn. Pacita ni orúkọ ìyá náà. Ó ń fi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà nínú ilé onípákó wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní Baguio, ìlú olókè kan ní Philippines, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kó yin ènìyàn. Bí oníbàárà bá wọ súwẹ́tà, tó yí ara ká níwájú dígí, tó ní òun rẹwà, Pacita á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Súwẹ́tà ló rẹwà." Bàbá Ivel ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kábéèjì lọ sí Manila. Òun nìkan ni kì í gan ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, bóyá nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé.

Ibi tí ilé wọn wà dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òrùlé aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú àgbàlá tiwọn. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ló so àdúgbò náà pọ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù a máa fi ẹsẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Ivel ní tirẹ̀ a ta òkìtì láti orí ògiri kan bọ́ sórí èkejì, á balẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ológbò, á wá yíjú wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bíi pé arọ ni wọ́n.

Ibi òkìtì yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wọn láti Manila, Abelardo Sarreal ni wọ́n ń pè é, Kóòṣì Sarreal lẹ́nu gbogbo ayé. Ó kúrú, ó máa ń fi òróró lẹ irun rẹ̀ mọ́ orí pẹ́típẹ́tí, fèrè kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wá àwọn ọmọdé tí òun máa kọ́ ní eré òkìtì, èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn níwájú àwọn adájọ́. Ó to àwọn ọmọ sórí ìlà, ó ń tẹ itan wọn wò níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ ọdún. Nígbà tó kan Ivel, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àwọn ará òkè," ó sọ fún ìyáàfin olùkọ́ tó dúró tì í, bíi pé ọmọ náà kò létí. "Ó kúrú, ó ki. Kúkúǹdùkú ni wọ́n fi ń rù. Ṣùgbọ́n eléyìí lè fò."

"A kì í ru kúkúǹdùkú," Ivel wí. "Bàbá mi ní ọkọ̀."

Olùkọ́ gbá a létí. Sarreal kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fi ìka hàn án pé kó bọ́ sápá kan, ó sì tẹ̀ síwájú sórí itan ọmọ tó kàn.

Ọdún díẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ ní Baguio níbẹ̀, kó tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un lọ sí Manila, níbi tí wọ́n ti máa fún un ní ibùsùn, oúnjẹ àti ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Pacita kò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró nígbà tí ọmọ ń ṣàlàyé.

"Wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ sí Manila kí o lọ máa yí gbirigbiri nílẹ̀?"

"Òkìtì ni, Nanang," Ivel wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀.

"Ṣebí o ń ta á níbí. Kí ló dé tí kò ṣeé rí àfi ní Manila?"

Bàbá rẹ̀ ló dá sí i. Ó ní òun náà ti ń lọ sí Manila láti ọjọ́ yìí, kò sì tíì pa òun. Bí ọmọ náà ṣe jókòó síwájú ọkọ̀ kábéèjì nìyẹn, tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú kùrukùru lọ sínú ooru.

Àwọn ọmọbìnrin tó bá níbẹ̀, ọmọ ìlú ńlá ni gbogbo wọn. Ní ilé ìwẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Bea Monteclaro, ọmọ olówó, bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn. "Wọ́n ní ẹ̀yin ará òkè nírù. Ṣé òótọ́ ni?"

"A ní," Ivel fèsì, ó ń fọ ojú rẹ̀ lọ. "Òun ni mo fi ń dúró lórí igi. Ìwọ tí o kò ní, ìdí nìyẹn tí o fi ń já bọ́."

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń sọ, èyí tí wọ́n ń rìn tí wọ́n sì ń fò lórí rẹ̀, Bea sì ń já bọ́ lórí rẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó tún béèrè ìrù lọ́wọ́ Ivel. Kò sì sí ẹni tó bá a ṣọ̀rẹ́. Ìyẹn náà kò dùn ún, tàbí kí a sọ pé ó pinnu pé kò gbọ́dọ̀ dun òun.

Ká sọ tòótọ́, ó mọ eré náà. Bó bá sáré wá láti igun gbọ̀ngàn, tó fò, tó yí lófuurufú, á dà bíi pé ẹnì kan fi okùn fà á lókè. Ẹ̀rín nìkan ni kò mọ̀. Àwọn adájọ́ fẹ́ kí ọmọ máa rẹ́rìn-ín bó ti ń fò, bíi pé ohun tó ń ṣe kò le.

"Rẹ́rìn-ín," Sarreal á kígbe láti ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn.

"Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, Kóòṣì?"

"Wo àwọn adájọ́, kí o rẹ́rìn-ín."

Ivel á wo àwọn adájọ́ nínú kóòtù wọn tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò lè pàdé mọ́, á ní, "Lóòótọ́, wọ́n pani lẹ́rìn-ín." Sarreal á wá ní kó sáré yí gbọ̀ngàn ká títí tí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ.

Ó gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ó tún gbà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó máa ṣojú Philippines níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká. Ọdún yẹn gan-an ni ara rẹ̀ dàgbà. Ó ga sí i, ìbàdí rẹ̀ yọ, àyà rẹ̀ yọ, bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é fún ọmọbìnrin gbogbo láìgba àṣẹ lọ́wọ́ kóòṣì kankan. Láràárọ̀ ni Sarreal ń gbé e sórí ìwọ̀n, tó ń ka iye tó wọ̀n sókè ketekete kí àwọn yòókù lè gbọ́. Ó gba ìrẹsì kúrò lórí àwo rẹ̀. Ó ní ẹfọ̀n kì í ta òkìtì.

Ìdíje kù fẹ́ẹ́fẹ́ nígbà tí Sarreal pè é. Ọkùnrin náà ń jẹun lọ́wọ́ nígbà náà, kò sì gbé ojú kúrò lórí ẹja rẹ̀.

"Ìwọ ti parí," ó wí. "Padà sílé, lọ bá ìyá rẹ hun súwẹ́tà."

"Ta ló máa wọlé dípò mi?"

"Bea."

Bàbá Bea ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọn tìmùtìmù tuntun fún gbọ̀ngàn náà ni. Ivel wo kóòṣì bó ti ń yọ eegun ẹja lẹ́nu. "Bea máa ṣubú," ó wí.

"Kò kàn ọ́ mọ́."

Bea ṣubú. Ivel gbọ́ ọ lórí rédíò nílé ìyá rẹ̀, ó sì ti lérò pé inú òun máa dùn. Kò dùn. Kò rò ju pé ohun tí òun ti sọ tẹ́lẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe padà délé náà kò gba ariwo. Ó gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò rẹ̀ léjìká, ó bá Pacita nídìí ẹ̀rọ. Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bó ṣe ń wo oníbàárà.

"Wọ́n ti jẹ ẹran tán," ó wí, "wọ́n tu eegun síta."

"Ẹ kú ilé, Nanang."

"Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ wà lókè ààrò. Jẹ ẹ́ bó ṣe wù ọ́, kò sí ìwọ̀n níbí."

Ivel bu ìrẹsì, ó jẹ ẹ́, ó tún bù. Kò sunkún, ṣùgbọ́n ó jẹun bí ẹni tó ń bá nǹkan jà nínú àwo náà, ìyá rẹ̀ sì ń hun súwẹ́tà lọ láìwo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó bá Pacita hun súwẹ́tà fún ìgbà pípẹ́. Ó kórìíra òwú. Ó kórìíra àwọn àrìnrìn-àjò tó ń gòkè wá láti Manila nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń pariwo òtútù bíi pé àwọn ló kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n á ra súwẹ́tà tí wọn kò ní wọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́: wo Ivel, ó fò títí, ibi tó balẹ̀ sí nìyí. Ó gbọ́. Ó máa ń kí wọn bó bá ń kọjá, ìkíni náà a sì dà bí ẹni ju òkúta.

Ìgbà náà ni Ruben Tamiray wọlé wá ra súwẹ́tà. Ẹ̀ṣọ́ ni ní ilé ìfowópamọ́ kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wúṣù, iṣẹ́ ìjà àwọn ará Ṣáínà, ní yàrá ńlá kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta pósí. Òun náà ti jà rí. Imú rẹ̀ ti wọ́, etí rẹ̀ kan sì ti wú bí olú. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Manong Ruben, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

"Mo gbọ́ pé o ń ta òkìtì," ó sọ fún Ivel.

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn, Manong."

"Àwọn ọmọ mi ń fò bí àpò ìrẹsì. Wá kọ́ wọn."

"Kí ni mo máa rí níbẹ̀?"

"O ò ní rí nǹkan kan." Ó wo yàrá náà yíká, òwú pupa, òwú aláwọ̀ ewé, súwẹ́tà tí wọ́n fi àwòrán èso sítúrọ́bẹ́rì ṣe iwájú rẹ̀. "Kí lò ń rí níbí?"

Pacita rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, ohun tí kì í sábà ṣe. Ivel mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kíyè sí níbẹ̀ ni pé bí àwọn tó wà lókè bá fò tí wọ́n balẹ̀, gbogbo pósí tó wà nísàlẹ̀ a mì. Ọ̀nà méjì ni wúṣù pín sí. Àwọn kan wà tó ń wọ aṣọ sílíìkì, tí wọ́n ń fi idà àti ọ̀kọ̀ ṣe àṣefihàn ìjà láìsí alátakò, tí adájọ́ ń fún wọn ní máàkì. Àwọn kan sì wà tó ń wọ ìbọ̀wọ́, tí wọ́n ń lu ara wọn ní tòótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn onísílíìkì ni wọ́n mú Ivel lọ. Ó wo ọmọkùnrin kan tó ń fò sọ́tùn-ún sósì, tó ń ṣojú burúkú sí afẹ́fẹ́, tí idà ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọmọrí ìkòkò. Ẹ̀rín pa á.

"Ta ló ń bá jà?"

"Àwọn adájọ́," Manong Ruben wí.

Gbólóhùn yẹn ló mú kí ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lójú díẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní òkìtì, wọ́n sì ń kọ́ òun náà ní idà. Kò pẹ́ kò jìnnà, kò sí ẹni tó lè dúró tì í. Ohun tí àwọn yòókù ń fi ọdún gbọọrọ kọ́, òkìtì àtijọ́ tí Sarreal ti fi ebi àti fèrè kọ́ ọ ni. Ó borí ní Baguio, ó borí ní gbogbo ilẹ̀ Philippines. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá. Eré òkìtì tó wọ ṣòkòtò sílíìkì ló ń pè é, ó sì ní idà tí kò lè gé bọ́tà kì í ṣe idà. Àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, ó fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Pacita tú àwọn okùn aláràbarà ara wọn, ó fi wọ́n di òwú ní ìdì ìdì. Ó ní okùn náà lágbára, pé ohun kan ṣoṣo tó wúlò lára wọn nìyẹn.

Àwọn oníjà, ìyẹn àwọn oníbọ̀wọ́, kò ka onísílíìkì sí ènìyàn. Jomar Lacwasan ló burú jù nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ iwájú kò pé mọ́.

"Oníjó," ó máa ń ké sí Ivel bó bá ń kọjá. "Bí àkùkọ bá fò mọ́ ọ lónìí, wàá sá."

"Ó sàn kí n sá ju kí ojú mi dà bíi tìrẹ," Ivel dá a lóhùn. "Bí o bá ń bọ̀ lọ́nà, n kì í mọ̀ bóyá o ń bọ̀ ni àbí o ń lọ."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Jomar náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ju ìbọ̀wọ́ méjì sí i lẹ́sẹ̀. "Wọ̀ ọ́. Tàbí kí o padà lọ máa rẹ́rìn-ín sí àwọn adájọ́."

Jomar kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà á. Ivel bẹ̀rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́.

Manong Ruben kò fẹ́ ẹ. "O ń borí níbi tí o wà," ó wí. "Kí lo ń wá?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó le tó bí wọ́n ṣe ń fọ́nnu."

"Kò le. Ó kàn ń dunni ni."

Ó kọ́ ọ fún oṣù mélòó kan, ó wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjà kan níbi àjọ̀dún ìlú La Trinidad, níbi tí wọ́n ti tẹ́ pèpéle sáàárín pápá, tí àwọn ènìyàn ń jẹ àgbàdo sísun yí i ká. Ẹni tí wọ́n fún un láti bá jà ni Hilda Dangiwan, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì láti Kalinga, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Ivel fojú wọ̀n ọ́n, ó sì ti dá ẹjọ́ rẹ̀: màlúù ni. Ó gòkè, ó gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́nà tó rẹwà, ó na ìka ẹsẹ̀ ṣánṣán bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Hilda di ẹsẹ̀ náà mú lófuurufú bí ẹni mú igi ìdáná, ó fi í sọ̀kò kúrò lórí pèpéle.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó padà gòkè, ó gba ẹ̀ṣẹ́ sí imú, ó sì gbọ́ bí nǹkan ṣe kán nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó rí ojú Hilda. Ó ti retí ẹ̀gàn níbẹ̀, nítorí òun mọ ẹ̀gàn bí ènìyàn ṣe mọ ilé bàbá rẹ̀. Kò rí i. Ọmọbìnrin náà ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ejò tí kò tíì kú, pẹ̀lú gbogbo ara, láìṣẹ́jú. Itan ni Sarreal máa ń wò lára rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ni àwọn adájọ́ máa ń wò. Kò sí ẹni tó ti wo òun alára báyìí rí, bíi pé ohun tó máa ṣe tẹ̀lé e ṣe pàtàkì. Ivel sáré lọ bá a, Hilda sì tún lù ú bolẹ̀.

Lẹ́yìn ìjà, Hilda wá bá a níbi tó jókòó sí, ó mú yìnyín tó dì sínú aṣọ lọ́wọ́.

"Ẹsẹ̀ rẹ dára," ó wí, ó ń gbé yìnyín lé e nímú. "Ṣùgbọ́n má máa fi hàn mí kí o tó lò ó."

Ivel wá ọ̀rọ̀ àbùkù kan nínú ara rẹ̀ tó máa fi dá a lóhùn. Kò rí. "Mo gbọ́," ó wí láti inú aṣọ tó bò ó nímú.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti wọ sílíìkì mọ́. Jomar, tó ti ń pè é ní oníjó, ló wá di ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń na ara wọn nírọ̀lẹ́, wọn kò sì yé bú ara wọn. Ó gba àkókò kí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbàgbé nínà. Àmọ́ ohun kan wà tí òkìtì ti fún un tí kò sí lára àwọn yòókù: ó ṣòroó dà lulẹ̀. Bí wọ́n bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, á dúró lórí èkejì, á máa fò tẹ̀lé wọn, á sì máa gbá wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lọ. Ó bá Hilda jà lẹ́ẹ̀kejì, ó borí rẹ̀. Ó borí àwọn tó kù, wọ́n sì mú un láti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìjà, ohun tí Sarreal gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkìtì.

Ní Baguio, Káńsẹ́lọ̀ Villaroya ni alága ìgbìmọ̀ eré ìdárayá. Ọkùnrin ńlá ni, bó bá ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ á máa bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣèlérí ìbọ̀wọ́ tuntun fún wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí àpótí náà dé, ọwọ́ òsì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Manong Ruben yẹ̀ ẹ́ wò títí dé ìsàlẹ̀ àpótí.

"Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe ọwọ́ tirẹ̀ nìyẹn," ó wí.

Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ àtijọ́ lọ síbi ìdíje ní Vietnam. Ivel jà níbẹ̀ títí ó fi dé ìjà àṣekágbá. Ọmọbìnrin ará ibẹ̀ ló bá jà, díẹ̀ ló kù kó borí rẹ̀, ó sì gba fàdákà. Nígbà tí wọ́n padà dé, Villaroya ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú àsíá gígùn kan tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí, gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ bí òṣùpá. Ojú Ivel náà wà níbẹ̀, ní igun, tó tó ẹyọ bọ́tìnnì. Káńsẹ́lọ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè fún àwọn oníròyìn, ó ń làágùn bíi pé òun ló jà. Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Sarreal jáde nínú ìwé ìròyìn láti Manila. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe àwọn ẹsẹ̀ yẹn."

Wọ́n pe ayẹyẹ sí gbọ̀ngàn ìlú. Pacita, tí kò wo ìjà ọmọ rẹ̀ kankan rí, wọ súwẹ́tà rẹ̀ tó dára jù, ó sì gbé kúkúǹdùkú bíbọ̀ dání nínú àpò, nítorí ó mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ṣe máa ń gùn. Villaroya sọ̀rọ̀. Ó pe Ivel ní Ibel, ó pe Comising ní Comisong, ó ní ọmọ òun ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún Sarreal ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ṣùgbọ́n òróró ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní òun rí ọmọ yìí lórí òkè láìwọ bàtà, tí ebi ń pa á. Ó ní òun bọ́ ọ, òun kọ́ ọ ní ìmọ́tótó, òun kọ́ ọ ní ẹ̀rín. Bàbá Ivel, tó jókòó nínú kóòtù tó yá wọ̀, wo bàtà ara rẹ̀.

"Ivel, jáde wá," Sarreal wí. "Ta òkìtì kan fún káńsẹ́lọ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ."

Ivel dìde. "Lórí sìmẹ́ńtì yìí?"

"Kékeré kan péré."

"Ẹ ní ẹfọ̀n kì í ta òkìtì, Kóòṣì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Sarreal náà fi eyín hàn. "Àwàdà ni. Ó máa ń ṣàwàdà láti kékeré." Ó yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe wọ́n."

Kò sí ẹni tó rí ìgbà tí Pacita dìde. Wọ́n kàn rí i níwájú, obìnrin kúkúrú kan tó gbé àpò dání, tó ń wo kóòṣì láti òróró orí rẹ̀ dé imú bàtà rẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tiyín nínú wọn?" ó béèrè. "Ti ọ̀tún ni àbí ti òsì?"

Sarreal dúró gbàgà. "Màmá, mi ò gbọ́ yín."

"Mo ní èwo lẹ ṣe. Ẹ mú un lọ. Mo lóyún méjèèjì ni, mo sì bọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ọ̀kan jẹ́ tiyín, mi ò ní bá yín du ú. Ẹ mú un, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ kó lè fò tẹ̀lé mi délé."

Ìlà tí Jomar àti àwọn oníjà jókòó sí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo gbọ̀ngàn. Villaroya ṣẹ́wọ́ sí àwọn onílù ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n lù. Pacita ti padà sí àyè rẹ̀. Ó bó kúkúǹdùkú kan, ó dá a sí méjì, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ààbọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé àwo ìdánilọ́lá dé, ẹnu Ivel kún, kò sì yára gbé e mì. Bí àwòrán wọn ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn nìyẹn: káńsẹ́lọ̀ ń rẹ́rìn-ín, kóòṣì ń rẹ́rìn-ín, Ivel ń jẹ kúkúǹdùkú.

Wọn kò dárí jì í. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n pè. Wọ́n ní ó ti dàgbà. Àwọn ìjà kéékèèké ló kù fún un, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti níbi àjọ̀dún, níbẹ̀ náà sì ni orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni lù ú. Tìmùtìmù méjì tí wọ́n so pọ̀ ló ya láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé síbẹ̀, ó yí gbogbo ara, ẹsẹ̀ kò bá a yí. Hilda, tó ti di nọ́ọ̀sì, ló tọ́jú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan orúnkún náà jẹ́jẹ́, ó sì sọ fún un láìfi oyin sí i pé ìjà ti tán fún un.

Nígbà tí ọmọ Manong Ruben ní kí bàbá wá bá òun gbé ní Kánádà, ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè pósí lé Ivel lọ́wọ́. Jomar ti lọ wa ọkọ̀ ní Saudi, ó ṣì ń fi ìwọ̀sí ránṣẹ́ lórí fóònù. Ivel ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà báyìí. Ẹnu rẹ̀ kò dín kù. Ìyá olówó kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ara ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ivel bi í bóyá ó fẹ́ ọmọ ni àbí igi. Àwọn mìíràn gbọ́ irú èyí, wọ́n kó ọmọ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ kò kó wọn lọ, nítorí wọ́n rí i pé bó ti ń bú àwọn ọmọ tó, kì í fọwọ́ tẹ itan wọn, kò sì sí ìwọ̀n nínú yàrá náà. Bí àlejò bá dárúkọ Sarreal fún un, á ronú díẹ̀, á ní, "Ó ṣì wà láyé?" Á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀, Pacita gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù pósí. Ó ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń lọ, òjò ló lé òun wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé agbòòrùn lé itan, ó ń wo àwọn ọmọdébìnrin tó ń lu ara wọn, tí wọ́n ń bọ́ lulẹ̀ gbì, gbì, gbì.

"Ohun tí o ń ṣe láti gbogbo ọdún yìí nìyí?"

"Òun ni, Nanang."

"Ìyẹn ni pé wọ́n kàn ń ṣubú."

"Ẹ wò ó díẹ̀ sí i."

Pacita wò ó. Òjò dá, kò dìde. Àkókò ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, kò dìde. Ó tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi agbòòrùn nawọ́ sí ọmọbìnrin kékeré kan tó wà lápá fèrèsé, tí irun rẹ̀ ti tú.

"Ọmọ yẹn," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ń já sílẹ̀ jù. Wọ́n máa gbá a lẹ́nu báyìí. Ṣé kò sí ẹni tó ń kọ́ wọn níbí ni?"

Ivel ti ń sọ ọ́ fún ọmọ náà láti ọjọ́ Ajé. Ó yíjú sí i, ó ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.